Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Réèsì Kẹ̀kẹ́ Inú Ẹrẹ̀ àti Yanrìn

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin olùkàwé wa. Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá la ti kọ ọ̀rọ̀ ṣókí lórí cyclocross, ìyẹn réèsì kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n máa ń sá lórí koríko, nínú ẹrẹ̀ àti yanrìn, tí ẹni tó ń gùn ún á sì máa bọ́ọ́lẹ̀ nígbà míì kó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sáré. A ní kí àwọn kíláàbù kẹ̀kẹ́ tó wà l'Ékòó dán an wò. Lẹ́tà wá lóríṣiríṣi, WhatsApp náà kún, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, àwọn kan ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Èyí tí àyè gbà nìyí, orúkọ tí oníkálukú fi ránṣẹ́ la sì lò.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo wo fídíò kan, àwọn òyìnbó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, wọ́n ń sáré gun òkè nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ìgbà tó yá wọ́n tún gùn ún lọ. Tí ọ̀nà bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kúkú fi kẹ̀kẹ́ sílé kí wọ́n fẹsẹ̀ sáré?* — Ọmọ Yábà

Àbúrò, ìbéèrè gidi ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọ̀nà yẹn bẹ́ẹ̀ ni. Ibì kan náà ni wọ́n máa ń yí po, nínú àwọn ìdíje ńlá róńdì kan máa ń tó kìlómítà 2.5 sí 3.5, wọ́n á wá to koríko, yanrìn, òkè, àtẹ̀gùn àti pákó sójú ọ̀nà ẹ̀, òjò á bá wọn fi ẹrẹ̀ kún un. Ibi tó bá ṣeé gùn, o gùn ún, ibi tí ò bá ṣeé gùn, o bọ́ọ́lẹ̀, o gbé e, o sáré, o tún fò gùn ún. Ibi tó pọ̀ jù ló ṣeé gùn o, ìbọ́ọ́lẹ̀ yẹn kàn ni fídíò máa ń fẹ́ràn láti gbé jáde. Ẹni tó bá ń fi agídí gùn ún nínú ẹrẹ̀ tó jìn, tí táyà ń yí lójú kan, ẹni tó ti tètè bọ́ọ́lẹ̀ á sáré kọjá lára ẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ṣiṣẹ́ jẹ máa ń sá a fún bíi wákàtí kan, fún àwa tá à ń fi ṣeré, ìṣẹ́jú 30 sí 45 ti tó, ó sì máa tán ẹ lókun, mo ń sọ fún ẹ.

Ilẹ̀ Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1902, ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Daniel Gousseau ṣètò ìdíje àkọ́kọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó ń díje lójú títì ló ń lò ó kí ara wọn má bàa di ahẹrẹpẹ nígbà òtútù, àsìkò ẹ̀ lọ́hùn-ún sì nìyẹn títí dòní, láti September dé February. Octave Lapize tó gba Tour de France, réèsì kẹ̀kẹ́ ojú títì tó lókìkí jù lágbàáyé, lọ́dún 1910 sọ pé ó wà lára ohun tó ran òun lọ́wọ́, látìgbà náà làwọn èèyàn ti ń fojú gidi wò ó. Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Paris lọ́dún 1950, Jean Robic ló gbà á, òun náà ló gba Tour de France ní 1947. Lónìí, Belgium àti Netherlands ló ni eré yìí. Lọ́dún 2025 ni Mathieu van der Poel ti Netherlands gba ti àgbáyé lẹ́ẹ̀keje, ó fi bẹ́ẹ̀ bá Erik De Vlaeminck ti Belgium dọ́gba, ẹni tó gba tiẹ̀ láàárín 1966 sí 1973.

*Ẹ̀gbọ́n, kíláàbù wa máa ń gùn láàárọ̀ Sátidé, a máa ń gba Third Mainland lọ sí Island ká tó padà sílé. A fẹ́ gbìyànjú cyclocross láàárín ara wa, a máa tó bíi èèyàn 15. Ibo la máa sá a sí? Kí la nílò? Ṣé owó ńlá ni?* — Kápútéènì, Sùúrùlérè

Kápútéènì, ẹ kú àmójútó o. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Third Mainland yẹn, kìlómítà bíi 11.8 ni, mo mọ bó ṣe máa ń dùn tí oòrùn bá ń yọ lórí ọ̀sà tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, tẹ́ ẹ bá ń gùn ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tẹ́ ẹ to ara yín lẹ́yìn ara yín, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ má bá ara yín sáré níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Dánfó tó ń lé èrò àárọ̀ ò mọ̀ pé ẹ̀ ń díje, ẹni tó wà níwájú á máa wo ẹ̀yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa wo táyà iwájú, kò sẹ́ni tó ń wo mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó lágbára jù nínú kíláàbù, inú pápá tí mọ́tò ò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n. Torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń pariwo cyclocross fún Èkó, kì í ṣe torí pé òyìnbó ń ṣe é.

Ó dáa, ibo lẹ máa sá a sí. Ẹ ò nílò kìlómítà mẹ́ta. Pápá bọ́ọ̀lù iléèwé kan àti ilẹ̀ tó yí i ká ti tó, tẹ́ ẹ bá mọ kọ́nà ṣẹ́ dáadáa ẹ máa rí mítà 800 sí kìlómítà kan fà yọ nínú ẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé, ẹ lọ rí i lójúkojú, ẹ rí géètìmáànì náà, torí pé òun ló máa ṣílẹ̀kùn láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ sì ṣèlérí pé ilẹ̀ á rí bẹ́ ẹ ṣe bá a. Pápá tí wọ́n tẹ́ koríko oníke sí, ẹ má wọ ibẹ̀ o, wọ́n máa lé yín, wọ́n á sì jàre. Tó bá jẹ́ pé àná ni òjò rọ̀, ilẹ̀ máa dùn ún gùn gan-an, àmọ́ tí omi bá ṣì dúró lórí pápá débi tẹ́ ẹ ò rí ilẹ̀, ẹ sún un síwájú, ẹ ò mọ nǹkan tó wà nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà yẹn pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́, kí wọ́n ṣa gbogbo ìgò tó fọ́, ìṣó, wáyà, ìdérí ìgò kóòkì, ẹ̀yin náà mọ bí pápá wa ṣe máa ń rí lẹ́yìn òde àríyá. Gọ́tà tí ò ní ìdérí, ẹ jìnnà sí i pátápátá, ẹ má ní a máa fi okùn dí i.

Tẹ́ ẹ bá ń fa ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ gùn kó sì fẹ̀, kí wọ́n tó dé kọ́nà àkọ́kọ́ kí èrò ti là díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wọn máa dà lu ara wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè wá máa lọ́ ọ, kọ́nà tó yípadà bìrí, kọ́nà tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ gba abẹ́ igi máńgòrò kọjá tí egbòǹgbò ò bá yọ jù. Ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń fò jìnnà nígbà íńtáhaùsì, kòtò yanrìn wà níbẹ̀! Yanrìn yín ti délẹ̀ nìyẹn, ẹ kàn fi ṣọ́bìrì tú u kó rọ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá nǹkan wà nínú ẹ̀. Tí iléèwé bá ní àtẹ̀gùn simẹ́ǹtì tó gun orí pèpéle àsẹ́ńbílì, ẹ fi sí i, mẹ́fà méje ti tó.

Pákó ńkọ́? Nínú ìdíje ńlá pákó kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ti yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20 tàbí 25, méjì, kí ìgbésẹ̀ bíi márùn-ún wà láàárín wọn. Ẹ ra pákó tó dán lọ́wọ́ àwọn onípákó, kí káfíńtà fá ojú òkè ẹ̀, kó sì fún un lẹ́sẹ̀ méjì tó máa fi dúró fúnra ẹ̀, ẹ má kàn án mọ́ ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé tẹ́nì kan bá fẹsẹ̀ gbá a, pákó ló máa ṣubú, kì í ṣe èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá tẹ́ ẹ máa fi di téèpù tó pààlà ọ̀nà, ẹ má lo irin rọ́ọ̀dù, mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá ṣubú lé e ti dèrò ọsibítù. Ọ̀pá páìpù oníke ló dáa, páìpù àwọn oníná yẹn.

Iye róńdì ńkọ́? Ẹ má kéde ẹ̀ ṣáájú. Ẹ ní ìṣẹ́jú 30 la fẹ́ sá, ẹ wo ìṣẹ́jú tí ẹni iwájú fi parí róńdì méjì àkọ́kọ́. Tó bá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin parí róńdì kan, á jẹ́ pé róńdì méje ni, ẹ kọ iye tó kù sára páálí kẹ́ ẹ máa gbé e sókè fún wọn. Nígbà tó bá ku ẹyọ kan, ẹ lu agogo, agogo iléèwé wà níbẹ̀. Tí ẹni iwájú bá ti parí, gbogbo ẹni tó bá dé ìlà lẹ́yìn ẹ̀ ti parí nìyẹn, bó tiẹ̀ ku róńdì méjì fún un, a ò ní dúró dè é nínú oòrùn. Kí èèyàn méjì jókòó síbi ìlà, kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà gbogbo ẹni tó bá kọjá bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra, méjì o, kì í ṣe ẹyọ kan, torí pé ẹni tó bá dá nìkan kọ ọ́ á gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, èèyàn mẹ́ta á ti kọjá.

Owó ẹ̀ ò pọ̀. Pákó, téèpù, páìpù, omi, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, nǹkan díẹ̀ fún géètìmáànì. Ẹ dá a láàárín ara yín.

*Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní mountain bike tòkunbọ̀, táyà ẹ̀ tóbi. Ṣé dandan ni kí n ra kẹ̀kẹ́ cyclocross gangan? Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mọ bó ṣe ń ṣe wá.* — Akẹ́kọ̀ọ́, Akọ́kà

Má ra nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ cyclocross gangan jọ ti ojú títì, háńdù ẹ̀ ká wá sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, àmọ́ wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín táyà àti fíréèmù kí ẹrẹ̀ lè ráyè kọjá. Nínú ìdíje àgbáyé, táyà ò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju mílímítà 33 lọ. Òfin tiwọn nìyẹn. Lọ́hùn-ún pàápàá, ọ̀pọ̀ ìdíje kíláàbù ló ń gba mountain bike wọlé, torí náà ta ló máa lé ẹ l'Ákọ́kà?

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o tú gbogbo nǹkan tí ò wúlò kúrò lára ẹ̀. Irin tó fi ń dúró, káríà ẹ̀yìn, mọ́dígáàdì, ibi tí wọ́n ń fi ìgò omi sí, gbogbo ẹ̀ ló máa di ẹrẹ̀ mú tàbí kó há sí ẹ léjìká. Wo ẹnu háńdù méjèèjì, tí róbà tó dí i bá ti jábọ́, wá nǹkan dí i kó o tó gùn ún, ẹnu irin yẹn lè wọ inú èèyàn lára. Wo bíréèkì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, tìkan ò tó.

Ti táyà wá ni ọ̀rọ̀. Fọ́kánáìsà àdúgbò, tó o bá gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á fẹ́ ẹ títí táyà á fi le gbagidi, á fi ìka ta á, á ní "ó ti wà ńbẹ̀". Fún ojú títì, ó dáa. Fún koríko àti ẹrẹ̀, á máa ta ẹ nù ni, torí pé táyà tó le ò lè tẹ́ sílẹ̀ kó di ilẹ̀ mú. Ní kó fi géèjì wò ó, kó fún ẹ ní 30, tó o bá dé pápá, máa tẹ atẹ́gùn jáde díẹ̀díẹ̀, kó o máa gùn ún wò lórí kọ́nà kan náà. Ìgbà tó o bá gbọ́ tí ríìmù ń gbá nǹkan lábẹ́ ẹ, o ti dín in kù jù, dá díẹ̀ padà, torí túùbù á bẹ́, ihò méjì ẹ̀gbẹ́ ara wọn lo máa bá lára ẹ̀. Ẹni tó bá tóbi ju ẹ lọ á nílò kó le díẹ̀ ju tìẹ lọ, torí náà má da nọ́ńbà ẹlòmíì kọ.

*Ẹ kú àárọ̀ sà. Obìnrin ni mí, mo máa ń gùn dáadáa, àmọ́ tí mo bá ní kí n bọ́ọ́lẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń yí, ẹsẹ̀ mi á kọ́, mo ti ṣubú lójú àwọn ọkùnrin kíláàbù. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Mo sì ń wọ híjáàbù, ṣé ìyẹn ò ní dí mi lọ́wọ́?* — Àǹtí Oníkẹ̀kẹ́, Bàríga

Àǹtí wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibi tí eré yìí wà gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Apá òsì la ti ń bọ́ọ́lẹ̀, torí apá ọ̀tún ni ṣéènì àti gíà wà. Tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ pákó, ẹ dín eré kù. Ẹ yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí pẹ́dà, ẹ gbé e gba ẹ̀yìn síìtì wá sápá òsì, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wá kù lórí pẹ́dà, ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ sì jọ ń yí lọ, ìbàdí yín fara ti síìtì díẹ̀. Ọwọ́ òsì wà lórí háńdù àti bíréèkì. Ọwọ́ ọ̀tún á kúrò lórí háńdù, á di irin òkè fíréèmù mú, irin tó lọ láti ìdí síìtì dé ọrùn háńdù. Ara yín ti wà lórí ọwọ́ yẹn báyìí. Ẹ wá ju ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, òun ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ òsì á kúrò lórí pẹ́dà tẹ̀ lé e, ẹ ti ń sáré nìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n fẹ́ dúró kí wọ́n tó sáré. Ẹ má dúró. Ẹsẹ̀ tó bá kan ilẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ á fà á lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti dé pákó, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé irin yẹn sókè, kẹ̀kẹ́ á bọ́ lórí pákó, ẹ fẹsẹ̀ rékọjá, ẹ rékọjá ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ rọra gbé e kalẹ̀, ẹ má jù ú lulẹ̀ o, ṣéènì á já kúrò lójú ẹ̀. Láti gùn ún padà, ọwọ́ méjèèjì lórí háńdù, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì ta ilẹ̀, ẹ ju ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá síìtì, inú itan ọ̀tún lẹ máa fi kan síìtì, kì í ṣe ìdí, lẹ́yìn náà ẹ wá sún bọ́ sáàárín. Ẹni tó bá fi ìdí fò lé e tààrà, ó máa dùn ún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹ̀.

Ẹ má fi pákó kọ́ ọ. Ẹ rẹ síìtì sílẹ̀ díẹ̀, ẹ lọ sórí koríko nígbà tí kò sẹ́nì kan, ẹ máa rìn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ máa gùn ún láti orí ìrìn, tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ wá máa sáré díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ju tówẹ́ẹ̀lì kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa rékọjá ẹ̀. Pákó ló gbẹ̀yìn. Ti gbígbé kọ́ èjìká, ibi òkè tó gùn tàbí àtẹ̀gùn nìkan lẹ ti nílò ẹ̀, èjìká ọ̀tún ni, irin òkè á jókòó lé e, ọwọ́ ọ̀tún á gba abẹ́ irin ìsàlẹ̀ kọjá lọ di háńdù òsì mú kó má máa yí gbá yín lórí.

Híjáàbù ò dí yín lọ́wọ́ rárá. Ẹ wọ èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì kúrú, ẹ tì í bọnú aṣọ lọ́rùn, kẹ́ ẹ dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì lé e, kẹ́ ẹ tún okùn hẹ́mẹ́ẹ̀tì fà kó má máa yọ̀ lórí ẹ̀, ẹ má lo píìnì. Ti àwọn ọkùnrin yẹn, tí wọ́n bá rín yín, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá ṣe é kẹ́ ẹ wò. Wọn ò ṣe ìdíje àgbáyé fáwọn obìnrin títí di ọdún 2000, látìgbà náà Marianne Vos ti Netherlands nìkan ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹjọ, mi ò mọ ọkùnrin kíláàbù kan l'Ékòó tó máa bá a dé ìlà.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ní òun fẹ́ bá àwọn kíláàbù kan sá kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ yìí. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ bá mi sọ òótọ́.* — Ìyá Ìbejì, Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta

Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ọlọ́run á dá wọn sí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ó máa ṣubú. Gbogbo ẹni tó ń sá a ló ń ṣubú. Àmọ́ orí koríko àti ẹrẹ̀ ni, eré ẹ̀ ò pọ̀, kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà. Orúnkún tó bó, ọwọ́ tó wú, ìyẹn la sábà máa ń rí, eegun èjìká lè dá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Ẹ bi àwọn kíláàbù yẹn: ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tí ò ní hẹ́mẹ́ẹ̀tì sá a? Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Ṣé àwọn ọmọdé ní réèsì tiwọn lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15, láìsí pákó? Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ta ló dúró pẹ̀lú àpótí ìtọ́jú? Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ bóyá ti tẹ́táánù ti pẹ́ jù, kẹ́ ẹ béèrè ní hẹ́ẹ̀lìtì sẹ́ńtà, torí ẹrẹ̀ Èkó ò mọ́. Ojú egbò kékeré pàápàá, omi tó mọ́ àti ọṣẹ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe tó bá délé. Kó jẹun bíi wákàtí méjì ṣáájú, kó mu omi. Mọ́mì, ẹ bá a lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ dúró síbi pákó, ẹ máa rí gbogbo ẹ̀ lójú ara yín, kẹ́ ẹ wá pinnu.

*Àwa tá a wà l'Ísàlẹ̀ Èkó ò ní pápá tó pọ̀, àmọ́ òkun ò jìnnà sí wa. Ṣé yanrìn etí òkun dáa fún un? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ká kó kẹ̀kẹ́ lọ sí Tarkwa Bay.* — Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó dáa kọjá bẹ́ẹ̀. Ìdíje kan wà ní Koksijde ní Belgium tó jẹ́ pé inú òkìtì yanrìn etí òkun ni wọ́n ti ń sá a, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ti àgbáyé lọ́dún 2012, àwọn ọmọ Belgium ló sì gba ipò méje àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọkùnrin. Yanrìn ni olùkọ́ tó le jù. Kẹ́ ẹ tó wọ inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sáré, gíà tó rọ̀ díẹ̀ àmọ́ kó má rọ̀ jù, ẹ fi ìdí sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ lórí háńdù. Táyà iwájú á máa ṣe bó ṣe wù ú, ẹ má bá a jà. Ẹ tẹ̀ lé ojú ipa táyà ẹni tó ti kọjá, ẹ má dáwọ́ wíwà pẹ́dà dúró, tẹ́ ẹ bá sì ti rí i pé ó fẹ́ dúró, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ kó tó dúró, torí pé eré díẹ̀ tó kù yẹn lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Yanrìn tó sún mọ́ omi máa ń le, ti òkè máa ń rọ̀, ẹ fa ọ̀nà yín kó gba méjèèjì, àmọ́ kó má dé ibi tí ìgbì ń dé.

Ti Tarkwa Bay, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn lọ, torí náà ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa ẹrù, ẹ má kó kẹ̀kẹ́ jọ sápá kan, kí gbogbo yín wọ jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà ẹ̀mí, kẹ́ ẹ sì padà kí ojú ọjọ́ tó ṣú. Tí kò bá rọrùn, èmi á ní kẹ́ ẹ lọ wo pápá yín tó wà nítòsí ná. Kòtò yanrìn tó gùn tó mítà 15 ti tó fún ìdánrawò.

*Ẹni ọdún 54 ni mí, ikùn mi tóbi díẹ̀. Ṣé kí n máa wò wọ́n ni?* — Dádì Gbàgádà

Rárá sà. Nílẹ̀ òyìnbó, àwọn tó ti lé ní 35 ní ìsọ̀rí tiwọn, àwọn ẹni 50 àti 60 ń sá a. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́dọ̀ dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé eré yìí máa ń mú ọkàn lù kìkì láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ibi pákó, ẹ rọra rìn rékọjá, kò sí òfin tó ní dandan ni kẹ́ ẹ sáré.

*A ṣe é láàárín ara wa lóṣù tó kọjá, èmi ni mo gbẹ̀yìn, ẹni iwájú kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìtìjú mú mi, mi ò fẹ́ lọ mọ́.* — Ẹni Ìkẹyìn, Múṣín

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ. Nínú réèsì ojú títì, ẹni tó bá já sẹ́yìn ti dá wà nìyẹn, òun àti mọ́tò ni. Nínú èyí, gbogbo yín ti túká yí pápá ká lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó dúró síbi okùn ò mọ ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó gbẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń pariwo fún un ni wọ́n ń pariwo fún yín. Lọ́jọ́ tó ń bọ̀, ẹ má wo ẹni iwájú rárá. Ẹ wá ẹni kan tí agbára yín kò jìnnà síra, tó ṣáájú yín díẹ̀, ẹ wo ibi tó ti ń gbọ̀n: ṣé ibi kọ́nà ni, ṣé ibi tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ padà ni? Ẹ lọ kọ́ ibi yẹn láàárín ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹni iwájú bá fẹ́ kọjá lára yín, ẹ dúró lójú ìlà yín, ẹ má yà bàrá, òun ló máa wá ọ̀nà ara ẹ̀. Kí kápútéènì yín náà sì máa kéde orúkọ gbogbo ẹni tó bá parí, kì í ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan. Mo ń bá yín bẹ̀ ẹ́ níbí.

*Mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Àwọn oníkíláàbù ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ wá bá mi, wọ́n á ti lọ fọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ báárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kí ni kí n sọ fún wọn?* — Mẹkáníìkì Kẹ̀kẹ́, Ọjọ́ẹlẹ́gba

Ọ̀gá, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ni wọn ò mọ̀. Omi tó ń tú jáde nínú ẹ̀rọ ìfọmọ́tò yẹn lágbára, á ti gíríìsì kúrò nínú báárìn, á gbé yanrìn wọlé rọ́pò ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń fi cyclocross ṣiṣẹ́ ń lo irú ẹ̀, wọ́n máa ń ní kẹ̀kẹ́ méjì mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń gùn ọ̀kan lẹ́nìkan ń fọ èkejì dè wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àmọ́ mẹkáníìkì wọn ń tú u palẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìdíje. Ẹ ní kí tiwọn lo bọ́kẹ́ẹ̀tì, kànìnkànìn, ọṣẹ ìfọbọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n dà á látòkè wá sílẹ̀, kí ẹrẹ̀ má gbẹ mọ́ ọn lára kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fún àárín gíà. Kí wọ́n fi àkísà nu ṣéènì títí á fi gbẹ, kí wọ́n kán epo sí i díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù, kí wọ́n nù ún kúrò torí eruku ló máa kó. Epo ẹ́ńjìnnì dúdú tí wọ́n fà jáde lára mọ́tò, ẹ má gbà fún wọn. Tó bá jẹ́ etí òkun ni wọ́n ti dé, kí wọ́n fi omi tútù ṣàn án lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n gbé e dojú kọlẹ̀ kí omi ro jáde nínú fíréèmù, kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ yín láàárọ̀.